Eégbọn Inú Etí Àṣejù

Ilé Pupa, Ẹ̀gbẹ́ Mọ́sálásí,
Amúkòkò, Ajégúnlẹ̀,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Tinú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn, àbí ìwọ ni wọ́n jọ? Màmá wa ní Ìtòkò ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo ẹni tó bá kọjá lójúde wọn jà? Bá mi kí wọn. Mo gbọ́ pé ìrẹsì ọ̀fádà tuntun ti dé sí Abẹ́òkúta, ẹ sì ń jẹ ẹ́ láìrántí ẹni tó wà ní Amúkòkò tó ń ṣa òkúta nínú tirẹ̀. Ọlọ́run á bi yín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, omi tó máa ń wọ pálọ̀ wa láìkan ilẹ̀kùn ti padà síbi tó ti wá.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pẹ̀lú gbogbo àmì ìbéèrè tí o tò sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. O ní ṣé Alhaji ni, àbí ẹni tó jọ wọ́n. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, nítorí mo mọ̀ ẹ́. Ohùn tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ọ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, tí mo fi í rán awakọ̀ wa tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ lọ́dọ̀ yín. O lè ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi burú débi pé ìwọ nìkan lo lè kà á.

Òótọ́ ni o. Alhaji Abdulrasheed ọkọ mi gan-an ni. Ajá ni wọ́n gbé mọ́ àyà yẹn. Jàlàbíà funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ kí Jímọ̀ ló sì wà lọ́rùn wọn. Jókòó dáadáa, kí n rò ó fún ọ.

Ṣé o rántí ọgbà tí Alhaji ń kó tírélà wọn sí lẹ́bàá Màlúù Róòdù? Àwọn olè ò jẹ́ ká sinmi níbẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú báyìí, wọn á fo fẹ́ńsì, wọn á fa gbogbo dísẹ́ẹ̀lì inú táǹkì lọ. Alhaji lọ bi Àáfà bóyá ó burú kí àwọn sin ajá. Àáfà ní ajá tó ń ṣọ́ dúkìá kò burú, kó ṣáà má wọlé, kí itọ́ rẹ̀ má sì kan aṣọ ìkírun. Bí awakọ̀ kan ṣe gbé ọmọ ajá kan wá láti Ṣakí nìyẹn. Alhaji sì fọwọ́ mú òfin Àáfà. Láti òkèèrè ni wọ́n ti máa ń ju oúnjẹ sí i, bí ẹni ju òkúta sí mángòrò.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ló bá ọgbà wa pààlà. Linus ló ni ín. Ìhà Wárì ni àwọn òbí Linus ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ńbí ni wọ́n bí i sí, òwe tó mọ̀ ju tèmi lọ. Òun náà ní ajá, ajá ńlá kan báyìí tó ń jẹ́ Kòmándò, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Oṣooṣù ni Linus máa ń fi oògùn eégbọn pamọ́ sínú ẹran fún un jẹ. Á tan tọ́ọ̀ṣì wo inú etí rẹ̀, á ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé ìrù rẹ̀ sókè, á wo abẹ́ ibẹ̀ náà. Àwọn awakọ̀ wa á dúró lẹ́bàá fẹ́ńsì, wọn á máa fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tí Linus rí ọmọ ajá tiwa, ó wá kí Alhaji kú oríire. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, tírélà tó ń kó màlúù bọ̀ láti òkè ọya, eégbọn máa ń já bọ́ lára màlúù sínú rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ajá sùn lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní eégbọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ lásán, ó máa ń pọ àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Alhaji rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n délé, wọn ò lè jẹun. Wọ́n ní ṣé Linus ló máa wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń sin ajá ni? Bàbá tó bí àwọn sin ajá ọdẹ ní Ìwó, ta ló fún ìyẹn lóògùn? Mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ló pa ajá ọ̀hún, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe é. Ẹni tí wọn ò lè bá jà, wọ́n á fi orúkọ ajá bá a wí. Ní ọjọ́ kejì, Alhaji sọ ajá náà ní Àṣejù. Láti ìgbà náà, bí Linus bá ti ń ṣí géètì rẹ̀ láàárọ̀, Alhaji á gbóhùn sókè, wọ́n á ní, "Àṣejù o, Àṣejù, ṣé o ò ní í sinmi ni? Àṣejù, gbogbo ayé ló ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín." Linus á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Alhaji," á wọlé. Alhaji gbà pé kò yé e.

Àṣejù dàgbà, ó di ajá gidi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lé olè, ọ̀kan nínú wọn fi ṣòkòtò sílẹ̀ sórí fẹ́ńsì, ó ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, Alhaji ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Dísẹ́ẹ̀lì ò tún dín mọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ tírélà màlúù náà ló ń sùn, bí òjò ọdún yìí sì ti bẹ̀rẹ̀, eégbọn dà bò ó. Inú etí rẹ̀ dà bí kọ́ńgò tí wọ́n da ẹ̀wà sí. Alhaji ní kí àwọn awakọ̀ bá àwọn já a. Àwọn àgbà ní eégbọn so mọ́ àyìnrín nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá yán an jẹ, adìẹ mọ̀ pé òun alára oúnjẹ àyìnrín ni. Gbogbo awakọ̀ rántí lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ní ìrìn àjò.

Kọ̀yà nìkan ló dúró, òun ni olórí mẹkáníìkì wa. Kọ̀yà gbà pé kò sí ohun tó ń bẹ lábẹ́ ọ̀run tí kì í ṣe mọ́tò. Ó ní ìpara kan ṣoṣo ni eégbọn ń bẹ̀rù, ìyẹn ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ó rọ ọ́ sí bàsíà, ó wẹ Àṣejù láti orí dé ìrù. Tinú, ajá dán, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí. Ibi tó bá gbà, ẹsẹ̀ dúdú ló ń fi sílẹ̀. Oníbàárà kan wá láti Ìkòyí nínú léèsì funfun láti wo kọ̀nténà rẹ̀, Àṣejù rí i, inú rẹ̀ dùn, ó lọ fara nù ún. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́. Àwọn eégbọn ńkọ́? Wọ́n kó láti etí lọ sí abẹ́ apá. Kọ̀yà tún fẹ́ fi òtapiápiá lé e, èmi ni mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Linus yọjú láti òkè fẹ́ńsì. Ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú, ajá á lá ọ́ìlì yẹn, ọ́ìlì á sì pa á kí eégbọn tó pa á. Ẹ jẹ́ kí n júwe dókítà ẹranko fún yín." Alhaji ò gbójú wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Àṣejù, ṣé ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

Kò pẹ́ sígbà náà tí ajá dákẹ́. Kò gbó olè, kò gbó àlejò. A gbé egungun ẹran ìkómọ sí i níwájú, ó wò ó bí ẹni wo ìwé tí kò lè kà. Ara rẹ̀ gbóná, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́. Kọ̀yà gbé etí lé e láyà, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Alhaji ní ajá lásán ni, ṣé ènìyàn ló fẹ́ kú ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo táyà. Táyà wo? Mo tẹ̀ lé wọn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n lóṣòó sí iwájú ajá, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé tó bá lè jẹ ẹyọ ẹran kan péré, àwọn ò ní í pè é lórúkọ burúkú mọ́ láyé. Mo yọ́ padà, kí wọ́n má rí mi.

Ọ̀rẹ́ mi, inú mi bà jẹ́ gan-an. Ajá tó ń ṣọ́ ọ̀nà oúnjẹ wa ń kú lọ, ọkọ mi sì mọ ẹni tó lè gbà á. Fẹ́ńsì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹnu ni ò ṣeé là.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá dé. Alhaji ti múra mọ́sálásí, wọ́n ti fín tùràrí, ni Kọ̀yà bá pè pé Àṣejù ti ṣubú, ìtọ̀ tó tọ̀ pupa bíi sóbò. Alhaji ní kí n jẹ́ kí àwọn gba ọgbà kọjá. Nígbà tí a débẹ̀, ajá náà kò lè gbé orí, ìrù nìkan ló ń fi lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn wọn. Alhaji wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Lá ìláhà ìlalláhù." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ajá mọ́ jàlàbíà funfun.

Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tá a dá dúró ní òun ò gbé ajá. Tírélà ti dí títì, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Alhaji ní ẹsẹ̀ àwọn ò ṣá rọ. Bí a ṣe mú ọ̀nà Àpápá pọ̀n nìyẹn, wọ́n níwájú pẹ̀lú ajá, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú fìlà àti bàtà ẹsẹ̀ kan tó bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Àsìkò náà gan-an sì ni gbogbo jàmáà ń lọ kí Jímọ̀. Bí ẹni kan ṣe ń ní, "Àsàlámù aleekun, Alhaji," ni òmíràn ń yọ fóònù. Bàbá arúgbó kan bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ibi ìkírun ni wọ́n ń gbé e lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò tí o rí.

Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà nítòsí Wiáháòsì Róòdù. Obìnrin ni dókítà ibẹ̀, Dókítà Ọlábímtán. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó sì jáde wá bá wa pẹ̀lú ojú líle. Ó ní kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ni eégbọn ti pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá yìí, òun ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà tán, òun ló sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, òun á gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó kó dúró de oògùn. Àfi kí a rí ajá ńlá tó ní ìlera, tí eégbọn kì í gbé lára rẹ̀, kí òun gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyẹn fún un. Alhaji ní níbo ni àwọn ti fẹ́ rí irú ajá bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ajégúnlẹ̀? Dókítà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun mọ ọ̀kan. Ó ní ẹni tó ni ín kì í fi ọjọ́ oògùn rẹ̀ jẹ. Ó gbé fóònù, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Linus."

O ò rí ojú ọkọ mi. Ká ní ilẹ̀ là, wọn ì bá wọ̀ ọ́.

Linus dé pẹ̀lú Kòmándò, òógùn ń bọ́ lára àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sáré wá. Kò bi wá ní nǹkan kan. Dókítà mú káàdì, ó ní kí ni orúkọ aláìsàn. Alhaji wúkọ́. Wọ́n ní ajá náà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Dókítà wò wọ́n. Linus ní, "Àṣejù ni, Dókítà. Òun ni Alhaji fi ń bá mi wí láràárọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tètè gba ẹ̀jẹ̀ náà, ajá ń kú lọ."

Wọ́n tẹ́ Kòmándò sílẹ̀, Linus di orí rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ pijin létí pé kó mọ́kàn le, pé ọkùnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ sínú àpò, láti inú àpò ó ń lọ sára Àṣejù, díẹ̀díẹ̀. Alhaji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ọwọ́ iwájú ajá náà mú. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó yá, Àṣejù la ojú, ó na ahọ́n, ó lá ọwọ́ Alhaji láti ọmọ ìka dé ìgúnpá. Mo rò pé wọ́n á fò sókè. Wọn ò fò. Wọ́n ní "Alhamdulillahi," omi sì ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún.

A délé, ó wá ku ìwẹ̀nù. Ìgbà méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ibi tí ajá lá, ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ayálégbé jáde wá bá wọn kà á. Ìyálé ilé kejì ní márùn-ún ni, bàbá télọ̀ ní mẹ́fà ni, wọ́n bá ara wọn jiyàn títí Alhaji fi gbàgbé tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí awọ ọwọ́ wọn bó.

Wò ó, ẹni tó ń fi Linus ṣẹ̀sín ti wá ju Linus lọ. Alhaji ti ra tọ́ọ̀ṣì. Tírélà màlúù kankan ò gbọdọ̀ wọ ọgbà láìjẹ́ pé wọ́n ti fọ inú rẹ̀. Wọ́n ti ní kí wọ́n gé gbogbo koríko ìdí fẹ́ńsì. Ọjọ́ oògùn Àṣejù, àwọn awakọ̀ ò gbọdọ̀ gbé mọ́tò jáde kó tó gbé e mì. Lánàá, Alhaji rí tàdáwà dúdú tó wà lọ́rùn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọ́n ní kí n má mira, wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi fà á yọ.

Ìwọ náà ní ajá, ìdí mìíràn tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Jọ̀ọ́, máa wo inú etí rẹ̀, abẹ́ apá, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí o bá rí eégbọn, fi ohun tí wọ́n fi ń fa ẹ̀gún mú un sún mọ́ awọ ara, kí o fà á jáde jẹ́jẹ́. Má fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa kàn ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ìlì, kẹrosíìnì tàbí òtapiápiá sún mọ́ ọn. Lọ gba oògùn tó yẹ lọ́wọ́ dókítà ẹranko, má sì fi ọjọ́ rẹ̀ jẹ. Tó bá kọ oúnjẹ, tí èrìgì rẹ̀ funfun, má dúró de ìtọ̀ pupa. Tèmi ni pé mo ti rí i, mi ò fẹ́ kí tìrẹ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún Màmá pé mo ṣì ń lo ìborùn tí wọ́n fún mi. Mansur ọmọ mi ní kí n kí Àǹtí òun. Kọ̀yà náà ń kí ọ, ó ní tí ajá rẹ bá ń ṣàìsàn kí o pe òun. Má pè é.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaji mú mi lọ bẹ Linus. Wọ́n ní àwọn ti dójú tì í púpọ̀, àwọn fẹ́ pa orúkọ ajá náà dà sí Ọpẹ́yẹmí. Linus ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ tó mọ̀. Ó ní òun ò bínú, ṣebí Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ òun. Ìyá Yorùbá tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwọn nígbà náà ní ajá kan tó ń jẹ́ Ẹ-jẹ́-n-sinmi, orúkọ náà ni wọ́n sì fi ń bá ìyá òun wí. Inú Alhaji dùn. Linus wọlé, ó gbé ọmọ ajá kan jáde, ọmọ Kòmándò ni, ó mọ́ tónítóní, kò sí eégbọn kan lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn Alhaji ni, kí Àṣejù lè rí ọmọ ìyá bá ṣeré, ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wọ́n. Alhaji dúpẹ́ títí. Linus wá ní ohun kan ló kù, òun ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ó sì ti mọ orúkọ rẹ̀, kò ní í dáhùn bí wọ́n bá pè é ní òmíràn.

Ó-ti-yé-mi ni orúkọ rẹ̀. Láràárọ̀ báyìí, ọkọ mi á dúró sí àárín ọgbà pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n á gbóhùn sókè, "Ó ti yé mi o! Ó ti yé mi!" Linus á sì dáhùn láti òdìkejì fẹ́ńsì pé, "Mo gbọ́, Alhaji."

Èmi náà ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ṣeré nínú ọ̀gbàrá Amúkòkò,
Suwaibat.